Ta ló gbé òṣùwọ̀n débẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń mọ agbo gálásì tó jìnnà, àti bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n

“Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Bàríga ni mò ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni. Mo kà nípa agbo gálásì kan tí wọ́n ń pè ní MOO J1142+1527, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti rin ọdún bílíọ̀nù 8.5 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n tún ní ó wúwo tó oòrùn tí iye ẹ̀ jẹ́ 1 tí òdo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀lé. Bọ̀ọ̀dá mi ní irọ́ ni, pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya fọ́tò yẹn, pé ta ló gbé òṣùwọ̀n débẹ̀. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé agbo ni lóòótọ́, pé kì í ṣe pé àwọn ìràwọ̀ yẹn kàn tò síra wọn lójú wa? Mo ní tẹlisíkóòpù kékeré kan, ṣé mo lè rí irú ẹ̀ láti orí dẹ́kìn ilé wa?”

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Má bá bọ̀ọ̀dá ẹ jà, torí ìbéèrè gidi ló béèrè. Ta ló gbé òṣùwọ̀n débẹ̀, ìbéèrè yẹn gan-an làwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ti ń bá fà á láti nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Fisíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níbí ní Yábàá, tí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, détà agbo gálásì ni mo máa ń tú wò lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà màá dáhùn ẹ dáadáa, ó máa gùn díẹ̀, fara balẹ̀ kà á. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ sí ni pé fọ́tò kan lo rí, wọ́n wá ní kó o gba ohun tó tóbi ju ohun tí ọkàn èèyàn lè gbé lọ gbọ́ nítorí fọ́tò yẹn. Tó bá jẹ́ fọ́tò nìkan ni wọ́n ní lọ́wọ́, èmi náà ò ní gbà. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀rí ló wà, ibi tí ọ̀kan ti wá yàtọ̀ sí ibi tí èkejì ti wá, tí wọ́n sì ń sọ ohun kan náà, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tèmi ti wá.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe ná. O pè wọ́n ní ìràwọ̀, ìràwọ̀ kọ́ o. Gbogbo ìràwọ̀ tó ò ń fojú rí lálẹ́, inú gálásì tiwa ni wọ́n wà, ìyẹn Milky Way, ìràwọ̀ inú ẹ̀ sì ju ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù lọ, oòrùn wa jẹ́ ọ̀kan péré láàárín wọn. Àmì kékeré kọ̀ọ̀kan tó o rí láàárín fọ́tò yẹn, odindi gálásì ni. Agbo ńlá kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún gálásì, àwọn míì ju ẹgbẹ̀rún lọ, òòfà ara wọn, ìyẹn gravity, ló dè wọ́n pọ̀, wọ́n ń sáré kiri láàárín ara wọn ṣùgbọ́n wọn ò lè sá jáde. Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu ni pé gálásì kọ́ ló wúwo jù nínú agbo gálásì. Tó o bá kó gbogbo ìràwọ̀ inú agbo jọ, ìwọ̀n wọn ò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gáàsì kan wà tó kún gbogbo àárín àwọn gálásì yẹn, òun wúwo ju gbogbo ìràwọ̀ yẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan, ó sì gbóná débi pé ó máa ń tó mílíọ̀nù mẹ́wàá dígíríì, nínú àwọn tó tóbi jù ó máa ń lọ dé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Èyí tó kù, bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, dark matter ni, kì í tan ìmọ́lẹ̀, kì í dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, òòfà ẹ̀ nìkan la fi mọ̀ pé ó wà, títí dòní kò sẹ́ni tó tíì mọ ohun tó jẹ́ gan-an. Nítorí náà tí wọ́n bá ní agbo kan wúwo, kì í ṣe iye gálásì tí wọ́n kà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ọdún bílíọ̀nù 8.5 yẹn náà, ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí agbo yẹn ṣe rí nígbà yẹn là ń rí. Oòrùn wa ò tíì sí nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yẹn gbéra, torí oòrùn ò ju nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.6 lọ, àgbáálá ayé fúnra ẹ̀ sì jẹ́ ọdún bílíọ̀nù 13.8. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn agbo tó jìnnà dùn ún wò, torí ìgbà èwe wọn là ń wò.

Ní ti fọ́tò, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá ẹ ti kan òótọ́, má sì fi bò ó fún un. Ojú èèyàn ò lè rí infrared, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì ẹ̀ gùn ju ti pupa lọ, kò sì sí àwọ̀ kankan tí infrared ní lójú wa, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé fọ́tò jáde, wọ́n máa yan àwọ̀ fún un, wọ́n sábà máa ń fún un ní pupa. Àwọn gálásì tó pupa láàárín fọ́tò tó o rí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pupa. Ohun tí kámẹ́rà kọ sílẹ̀ gangan, nọ́ńbà ni, iye ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ojú kọ̀ọ̀kan lára ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló fi àwọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà kọ́ ló fi gálásì sí i. Àwọn nọ́ńbà yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè wà wọ́n jáde kó fúnra ẹ̀ ṣe fọ́tò tiẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń ṣe é, tí iná bá ti wà.

Bí wọ́n ṣe rí i nìyí. Sátẹ́láìtì kan wà nígbà kan tó ń jẹ́ WISE, Amẹ́ríkà ló gbé e sókè ní December 2009, dígí ojú ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ọ̀run pátá ló fi infrared yà. Ìdí tó fi jẹ́ infrared ni pé àgbáálá ayé ń fẹ̀, bí ó ṣe ń fẹ̀ ni ó ń na ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà, bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pẹ́ lójú ọ̀nà tó ni nínà ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Redshift ni wọ́n ń pè é. Ti MOO J1142+1527 jẹ́ 1.19, tó o bá fi 1 kún un, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti nà sí ìlọ́po 2.19. Ó dáa, gálásì tí ìràwọ̀ inú ẹ̀ ti dàgbà máa ń tàn jù níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 1.6 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà). Ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra ẹ, 1.6 lọ́nà 2.19, ó máa fún ẹ ní nǹkan bí 3.5, ọ̀kan nínú àwọn fílítà WISE sì wà ní máíkírọ́ọ̀nù 3.4. Ó bọ́ sí i pẹ́kí! Tẹlisíkóòpù tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí nìkan ló ń gbà ò ní rí gálásì yẹn dáadáa, tàbí kó má rí i rárá, WISE ní tiẹ̀ á máa rí i kedere. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn, MaDCoWS lorúkọ iṣẹ́ wọn, wọ́n kó orúkọ gbogbo ohun tí WISE rí, wọ́n mú détà SDSS, iṣẹ́ ńlá kan tó ya fọ́tò ojú ọ̀run, tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ojú yà, wọ́n fi yọ àwọn gálásì tó wà nítòsí kúrò, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n wá wò pé níbo ni wọ́n ti fún pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ojú WISE ò mú, gálásì méjì mẹ́ta lè pa pọ̀ di ọ̀kan lójú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí Spitzer, tẹlisíkóòpù infrared míì lójú òfurufú, tí dígí tiẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 85, tún àwọn ibi tí wọ́n fura sí wò. Ibi tí Spitzer bá ti rí i pé gálásì pọ̀ lóòótọ́, tí àwọ̀ gbogbo wọn sì jọra, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹra mọ́, torí gálásì tó bá jọ dàgbà níbì kan náà máa ń jọra láwọ̀.

Ibí yìí wá ni ìbéèrè tìẹ ti wọlé, pé bóyá wọ́n kàn tò síra wọn lójú wa ni. Ọmọ Bàríga ni ẹ́, ó dá mi lójú pé o ti dúró létí omi ní Ìlàjẹ lálẹ́ rí. Tó o bá wo iwájú, wàá rí àtùpà àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi wọn, wàá rí iná àwọn mọ́tò tó ń sáré lórí Third Mainland Bridge, wàá tún rí iná tó jìnnà gan-an lódìkejì ọ̀sà, gbogbo wọn á tò sórí ìlà kan ṣoṣo, ẹni tí ò bá mọ àdúgbò á ní ibì kan náà ni gbogbo iná yẹn wà. Ojú ọ̀run ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa gan-an, ó sì ti gba àwọn tó gbọ́n jù wá lọ. Nígbà tí George Abell kó orúkọ agbo 2,712 jáde ní 1958, ojú ló fi wo àwọn fọ́tò tí wọ́n fi tẹlisíkóòpù yà lórí òkè Palomar ní California, iṣẹ́ ribiribi ni, a ṣì ń lo orúkọ tó fún wọn títí dòní, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé gálásì tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn ló para pọ̀ lójú.

Ohun tó ń tú u ni spectrum. Wọ́n máa mú àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n máa gé ihò tóóró sí i, ihò kan fún gálásì kan, wọ́n á ki àwo yẹn bọ inú tẹlisíkóòpù kí ìmọ́lẹ̀ gálásì kọ̀ọ̀kan lè gba ihò tiẹ̀ wọlé, kó wá tú ká sí àwọ̀ àwọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó ò ń rí ò rẹwà rárá: ilẹ̀ eléérú tó gùn gbọọrọ, ìlà funfun tó gba àárín ẹ̀ kọjá, àwọn ìlà míì tó dábùú tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ayé tiwa yìí ló ń tàn án, ìwọ á wá fara balẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, láti rí àmì kékeré kan tó jẹ́ ti gálásì fúnra ẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ọ́síjìn inú gálásì tó ń bí ìràwọ̀ tuntun máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan ní nánómítà 372.7 (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú máíkírọ́ọ̀nù kan). Tó o bá rí ìlà yẹn ní nánómítà 816, o mọ̀ pé ó ti nà sí ìlọ́po 2.19 nìyẹn, o ti mọ redshift ẹ̀. Tí gálásì kan bá fún ẹ ní 1.19, èkejì náà 1.19, ẹ̀kẹta 1.18, ẹ̀kẹrin 1.19, ọ̀rọ̀ ti ń yé ara wọn. Tẹlisíkóòpù Keck àti Gemini tó wà lórí òkè Maunakea ní Hawaii ni wọ́n fi ṣe irú iṣẹ́ yìí fún MOO J1142+1527. Wàhálà ẹ̀ ni pé tẹlisíkóòpù ńláńlá nìkan ló lè ṣe é, àwọn tó ń tọrọ àyè lórí wọn pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn gálásì náà sì ṣú dùdù, nígbà míì odindi òru kan á lọ, gálásì márùn-ún tàbí mẹ́fà péré ni wàá rí àmì ẹ̀ gbá mú.

Ṣé o ti ń rí i pé a ò tíì wọn nǹkan kan? Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí yòókù. Ẹni tó kọ́kọ́ wọn agbo gálásì, Fritz Zwicky ni, ní 1933. Agbo kan tí wọ́n ń pè ní Coma ló wò, ìyẹn wà nítòsí, bíi mílíọ̀nù 300 ọdún ìmọ́lẹ̀ àti díẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan). Ó rí i pé àwọn gálásì inú ẹ̀ ń sáré ju ara wọn lọ tàbí kéré síra wọn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Eré yẹn ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ìràwọ̀ tí à ń rí nìkan ló wà níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n ti tú ká tipẹ́tipẹ́. Zwicky ní á jẹ́ pé nǹkan míì tí kò tàn wà níbẹ̀ tó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn èèyàn tó gbà fún un. Èsì tó yẹ kó o fún bọ̀ọ̀dá ẹ nípa òṣùwọ̀n nìyẹn: ohun tó bá wúwo ni òòfà ẹ̀ ń pọ̀, òòfà tó bá pọ̀ ni ohun tó wà láàárín ẹ̀ ń sáré, a lè wọn eré láti ibí láìdé ọ̀hún.

Ẹlẹ́rìí kejì ni gáàsì gbígbóná tí mo sọ yẹn. Nítorí bó ṣe gbóná tó, X-ray ló ń tàn, bí gáàsì yẹn bá sì ṣe gbóná tó ni òòfà tó dì í mú ṣe lágbára tó, nítorí náà ìgbóná ẹ̀ nìkan á sọ ìwọ̀n agbo fún ẹ. Sátẹ́láìtì Chandra àti XMM-Newton, tí àwọn méjèèjì gbéra ní 1999, ti ṣe gudugudu méje lórí èyí. eROSITA, tẹlisíkóòpù X-ray míì tó gbéra ní 2019, sì ti fún wa ní agbo 12,247 nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2024. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú X-ray ni pé gálásì tó kàn tò síra wọn lójú ò lè ní gáàsì gbígbóná láàárín, agbo gidi nìkan ló ní in. Ṣùgbọ́n bí agbo bá ṣe ń jìnnà sí i ni X-ray ẹ̀ ń ṣú kíákíá, tó bá ti jìnnà tó ti MOO J1142+1527, wàá dúró pẹ́ títí kó o tó rí nǹkan kó jọ.

Èyí tó kàn yìí ni ọkàn mi fà mọ́ jù. Nígbà tí àgbáálá ayé ṣì kéré, tó gbóná, ìmọ́lẹ̀ kan ṣẹ́ kù sílẹ̀ láti ìgbà yẹn tó kún gbogbo òfurufú, ó ti tutù gan-an báyìí, máíkíróweefù ló ti dà, ìgbóná ẹ̀ ò ju dígíríì 2.7 lọ sókè òdo pátápátá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn wà lẹ́yìn gbogbo nǹkan. Tó bá fẹ́ gba inú agbo gálásì kọjá, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú gáàsì gbígbóná yẹn á gbá díẹ̀ nínú ẹ̀, wọ́n á fi agbára kún un, ìmọ́lẹ̀ yẹn á kúrò ní ìpele tó wà, á bọ́ sí ìpele tó ga. Tó o bá wá ń wo ìpele ìsàlẹ̀, wàá rí i pé ó dín kù níbi tí agbo wà, òjìji kékeré kan á yọ níbẹ̀. Rashid Sunyaev àti Yakov Zeldovich ní Rọ́ṣíà ló ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ láti nǹkan bí 1970, orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pè é. Òjìji yẹn kéré o, ìyàtọ̀ ẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún dígíríì. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó dùn níbẹ̀: kì í ṣú nítorí pé agbo jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn ló ń dí, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ ló ń rán wá, nítorí náà agbo tó jìnnà àti èyí tó wà nítòsí, tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, òjìji wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìwọ̀n tó o kà nípa MOO J1142+1527 yẹn, òjìji yìí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, àwọn àwo CARMA ní California ni wọ́n lò, àwọn tó wọ̀n ọ́n fúnra wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè fi bí ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i tàbí kó dín. South Pole Telescope tí àwo ẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, àti Atacama Cosmology Telescope tó ṣiṣẹ́ títí di 2022 ní Chile lórí òkè tó ga ju mítà 5,000 lọ, wọ́n ti fi òjìji yìí rí ọ̀pọ̀ agbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi gbígbẹ tó tutù tó sì ga ni wọ́n ń kọ́ wọn sí torí omi inú afẹ́fẹ́ máa ń gbé máíkíróweefù mì, Èkó tiwa yìí tí aṣọ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ nígbà òjò, ẹnikẹ́ni ò lè kọ́ ọ síbí.

Ẹ̀rí tó kẹ́yìn ni pé òòfà agbo máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ gálásì tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Wá fọ́tò àkọ́kọ́ tí tẹlisíkóòpù James Webb gbé jáde ní July 2022, agbo SMACS 0723 ló wà nínú ẹ̀. Má kọ́kọ́ wo àwọn gálásì funfun ńlá tó wà láàárín, wo àwọn ìlà pupa àti ọsàn tó tẹ̀ kọrọdọ káàkiri wọn, àwọn míì gùn, àwọn míì rí bí èékánná. Gálásì tó wà lẹ́yìn agbo yẹn ni gbogbo wọn, wọ́n jìnnà jù ú lọ fíìfíì, agbo ló na ìrísí wọn. Bí títẹ̀ yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni ìwọ̀n ohun tó wà níwájú ṣe pọ̀ tó, ì báà máa tàn, ì báà má tàn. Kò béèrè bóyá gáàsì ti fara balẹ̀ tàbí kò tíì fara balẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa fọkàn tán an jù. Àbùkù ẹ̀ ni pé agbo tó bá ti jìnnà púpọ̀, gálásì tó kù lẹ́yìn ẹ̀ tí tẹlisíkóòpù lè rí ò pọ̀ mọ́.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ ti yanjú o. Agbo kan wà tí wọ́n ń pè ní El Gordo, òjìji yẹn náà ni àwọn Atacama fi rí i, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti rin nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù méje. Ní 2012 wọ́n ní ó tó oòrùn bí 2 tí òdo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀lé. Ní 2014, wọ́n fi Hubble wo bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní ó tó 3 tí òdo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀lé. Ní 2021, wọ́n tún détà Hubble tó pọ̀ sí i wò, ó padà sí nǹkan bí 2 àti díẹ̀. Ohun tó ń dá a rú ni pé agbo méjì ló ń forí gbárí níbẹ̀, gáàsì inú wọn ti dàrú, gálásì wọn ò tíì fara balẹ̀, òṣùwọ̀n tó bá sì gbára lé pé gbogbo nǹkan ti rọlẹ̀ á ṣì í sọ. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti kékeré, torí agbo ńlá máa ń pẹ́ kó tó kóra jọ. Láti inú ohun tí a mọ̀ nípa bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀, a lè ṣírò iye agbo tó wúwo tó báyẹn tó yẹ kó wà nígbà yẹn, wọ́n kéré gan-an, àwọn kan sì ti ń sọ pé El Gordo wúwo jù fún ìgbà ayé ẹ̀, pé bóyá ìṣirò wa nípa àgbáálá ayé ló lábùkù. Bóyá ó wúwo jù tàbí kò wúwo jù, ọwọ́ òṣùwọ̀n ló wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bínú sí ẹni tó bá béèrè bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.

Tó o bá ní kí n yan ọ̀kan nínú gbogbo ọ̀nà yìí, mi ò ní lè yan ọ̀kan. Infrared dáa láti fi wá wọn káàkiri gbogbo ojú ọ̀run ṣùgbọ́n ó lè gba èyí tó kàn tò síra wọn mọ́ ọn, òjìji dáa fún ìwọ̀n ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù nìkan ló ń rí, gálásì kan tó ń tan rédíò lágbára nínú agbo sì lè dí òjìji yẹn mọ́ni lójú. Tí mo bá rí agbo tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, mo máa ń kọ àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí James Webb ṣe ń wo iwájú sí i ló tún ń le sí i. Ní 2023 wọ́n fi spectrum ẹ̀ rí gálásì méje tó wà pa pọ̀ nígbà tí àgbáálá ayé ò tíì ju ọdún mílíọ̀nù 650 lọ. Ìyẹn ò tíì di agbo, ó ṣì ń kóra jọ ni, gáàsì gbígbóná ò tíì kún inú ẹ̀ bíi tàwọn yòókù, nítorí náà tó o bá ka ìròyìn tó pe irú ẹ̀ ní agbo ńlá, kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n wọ̀n ọ́n ni àbí wọ́n ṣírò ohun tó máa dà lọ́jọ́ iwájú.

Ó ku tẹlisíkóòpù ẹ. Rárá, o ò lè fi rí MOO J1142+1527, tẹlisíkóòpù tó tóbi ju tìẹ lọ ní ìlọ́po púpọ̀ gan-an ò rọrùn fún. Èyí tó wà nítòsí wa jù, Virgo, tó jìnnà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 54 ọdún ìmọ́lẹ̀, gálásì tó tàn jù nínú ẹ̀ bíi M87 ṣeé rí pẹ̀lú tẹlisíkóòpù kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Bàríga. Iná ilé epo, iná títì, ọyẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìkùukùu nígbà òjò, wọn ò ní jẹ́. Tí ẹ̀yin àti àwọn àgbà kan bá ń lọ apá Ẹ̀pẹ́ tàbí Badagry ní April tàbí May, tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run, gbé e dání, àmì kékeré tó dà bí èéfín lásán ni wàá rí, má retí fọ́tò. Má dá lọ lóru o. Ohun kan wà tó o lè ṣe láti orí dẹ́kìn yín láìgbé tẹlisíkóòpù rárá. Orúkọ agbo tìẹ yẹn, àdírẹ́sì ẹ̀ lójú ọ̀run ló wà nínú ẹ̀, 1142 jẹ́ wákàtí 11 ìṣẹ́jú 42, +1527 jẹ́ dígíríì 15 àti ìdá díẹ̀ sápá àríwá. Ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Denebola, ìrù Leo, wà nítòsí ibẹ̀ gan-an, ó sì mọ́lẹ̀ tó láti yọ lójú ọ̀run Èkó. Ní ìparí April, láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá alẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí yín gangan. Na ọwọ́ ẹ tán, gbé àtàǹpàkò sókè, ìbú àtàǹpàkò yẹn tó nǹkan bíi dígíríì méjì, bẹ́ẹ̀ ni agbo yẹn ṣe jìnnà sí Denebola lójú. Denebola fúnra ẹ̀ ò jìnnà sí wa ju ọdún ìmọ́lẹ̀ 36 lọ. Fi ìyẹn han bọ̀ọ̀dá ẹ.

Iṣẹ́ gidi wà lórí fóònù ẹ. Wọlé sí ESASky, ojú ìwé àwòrán ojú ọ̀run kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, tẹ El Gordo síbẹ̀, kó o máa yí ojú ọ̀run láti ìmọ́lẹ̀ ojú sí infrared sí X-ray, wàá rí i bí nǹkan ṣe ń yí padà. Zooniverse náà wà, ibẹ̀ làwọn onímọ̀ ti ń jẹ́ kí ará ìta bá wọn wo fọ́tò gálásì. Tó bá wá wù ẹ́ láti ṣe é lẹ́nu iṣẹ́, kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti sìtátísíìkì látìsinsìnyí, má dúró de kí wọ́n tó kọ́ ẹ ní kíláàsì, torí South Africa, ní Áfíríkà tiwa níbí, ti ní MeerKAT, àwo rédíò 64, wọ́n ti fi wo ọ̀pọ̀ agbo gálásì títí kan El Gordo, détà sì pọ̀ ju ọwọ́ tó ń tú u lọ. Lẹ́yìn El Gordo, lọ sí ojú ìwé Legacy Surveys, tẹ 175.7 àti 15.45 fún MOO J1142+1527, àdírẹ́sì ẹ̀ yẹn náà ni, dígíríì ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ ojú ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn ẹ́, ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, àwọn gálásì díẹ̀ tó wà níwájú lásán ni wàá rí. Yí i sí unWISE, ìyẹn àwọn fọ́tò WISE, kó o tún wo àárín gbùngbùn ẹ̀, kó o wá ka àwọn àmì tó yọ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó o kọ iye tó o rí àti ibi tí kò dá ẹ lójú ránṣẹ́ sí mi.